Èsì mi sí oníbàárà tó ní òkúta dúdú ni mo fi ránṣẹ́ sí òun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ jókòó kọ ohun tó ń dùn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìràwọ̀ méjì péré lẹ fi ta mí lọ́rẹ. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ti fa fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ fi sí i tóbi títí ojú fi ń ro mí.

Kí ẹni tó bá ń kà á lẹ́yìn wa lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá: ẹ ra àfọ́kù ìgò dúdú márùn-ún lọ́wọ́ mi, ìgò ayé àtijọ́ tí òkun ti fi yanrìn àti òkúta fá lára kó tó gbé e jù sí etíkun. Ẹ tú ẹrù, ẹ ní òkúta lẹ rí. Ẹ gbé wọn sójú wíńdò lọ́sàn-án gangan, ìmọ́lẹ̀ kò là á já. Ẹ fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ mèremère ti Seaham, etíkun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ti rí lórí fóònù, ẹ ní tèmi ò jọ ìgò rárá. Ọmọ yín ní kí ẹ fi hámà fọ́ ọ̀kan wò. Ẹ wá fi kún un pé ìkarùn-ún nínú wọn ní ihò wẹ́wẹ́ lára bíi kànrìnkàn, pé ìgò wo ló ń rí bẹ́ẹ̀, àti pé ta ló tiẹ̀ sọ fún mi pé wọ́n pẹ́ láyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba hámà lọ́wọ́ ọmọ yẹn ná.

Ìkarùn-ún ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí ẹ̀yin lẹ jàre níbẹ̀. Kì í ṣe ìgò. Nínú fọ́tò yín kẹta, mo rí ihò tó là sójú, àwọn kan fẹ̀, àwọn kan há, mo sì rí ìlà aláwọ̀ eérú tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín dúdú rẹ̀. Ìdàrọ́ ni, ìdọ̀tí tó máa ń léfòó nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ irin nínú iná ìléru. Iléeṣẹ́ irin a máa dà á nù, òkun a sì máa yí i bó ṣe ń yí ìgò. Òmíràn nínú rẹ̀ máa ń dán bí ìgò gan-an, ibẹ̀ ló ti ń tan àwa tó ń ṣà á jẹ. Mo lọ wádìí ara mi nípa bó ṣe bọ́ sínú ẹrù yín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò kí n tó kó wọn sápò. Lọ́jọ́ tí mo di tiyín, mo tò wọ́n sórí tọ́ọ̀ṣì ńlá kan, márààrún lẹ́ẹ̀kan náà, torí ilẹ̀ ti ń ṣú, ó sì ti rẹ̀ mí. Àwọ̀ ewé tó ń tàn lára èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo rí, mo sì kà á mọ́ ọn. Ìmẹ́lẹ́ ni, kò lórúkọ míì. Ẹ má bínú.

Mẹ́rin tó kù, ìgò ni wọ́n o. Mi ò ní yẹsẹ̀ lórí ìyẹn, ẹ sì lè dán an wò lálẹ́ òní láì fọ́ nǹkan kan.

Orúkọ rẹ̀ ló ṣì yín lọ́nà. À ń pè é ní ìgò dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kò dúdú. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Lábẹ́ dúdú yẹn, àwọ̀ ewé tó ti gbó dáadáa ló wà níbẹ̀, tàbí àwọ̀ oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò. Ara rẹ̀ nípọn, irin sì pọ̀ nínú yanrìn tí wọ́n fi ṣe é, ni gbogbo àwọ̀ yẹn bá ṣù jọ. Ìmọ́lẹ̀ ojú wíńdò ò lágbára tó láti tú u. Yàtọ̀ síyẹn, òkun ti ha ojú rẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á á ti fọ́n káàkiri kó tó ráyè wọlé.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ pa iná yàrá. Ẹ fi omi ra àfọ́kù náà lára, torí omi á dí àwọn ojú ibi tó ha yẹn, ìmọ́lẹ̀ á sì rí ọ̀nà gbà. Ẹ tan iná fóònù yín, ẹ gbé etí rẹ̀ tó tín-ín-rín jù lé orí iná náà, kó fara kàn án, kí ẹ wá fi ìka yí i ká kí ìmọ́lẹ̀ má bàa yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi àárín rẹ̀ sílẹ̀, etí ni kí ẹ máa wò. Ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ojú yín mọ́ òkùnkùn lára. Ìlà kan á yọ, kò ní fẹ̀ ju èékánná lọ, á tàn bí ìgbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ewé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo gbé e kúrò, mo tún gbé e padà, bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Èyí tó nípọn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó dà bí ìdí abọ́, lè má jẹ́ kí ohunkóhun kọjá láàárín rẹ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di òkúta. Ìdí ìgò ni. Ìdí ìgò ìgbà yẹn máa ń nípọn ju ara rẹ̀ lọ fíìfíì.

Mi ò ní pa á mọ́ fún yín pé iná nìkan ò tó. Òkúta kan wà tí òkè ayọnáyèéfín máa ń pọ̀ jáde, obsidian ni wọ́n ń pè é. Ìgò àdáyébá lòun náà, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń la etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ já, á rí bí èéfín. Ṣùgbọ́n ìgò tiyín ní ara tí ọwọ́ èèyàn mọ. Ẹ gbé èyí tó fẹ̀ jù sórí tábìlì, kí ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ létí: á máa mì síwá sẹ́yìn, torí inú rẹ̀ jin díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ, bí ara ìgò ṣe tẹ̀. Bí iná bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ tún wo inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ látìgbà tó ti wà nínú iná, òmíràn róbótó bí orí abẹ́rẹ́, òmíràn gùn bí irúgbìn. Ihò ti ìdàrọ́ sábà máa ń là sójú. Afẹ́fẹ́ inú ìgò wà nínú lọ́hùn-ún.

Òkúta dúdú gidi, irú basalt tó kún ọ̀pọ̀ etíkun, kì í tàn létí bó ti wù kó tín-ín-rín tó, òòfà a sì máa fa òmíràn nínú rẹ̀. Òòfà ò ní fa ìgò. Èédú ilẹ̀ àti jet, igi ayé àtijọ́ tó ti di òkúta dúdú, fúyẹ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi wọ́n ha ẹ̀yìn táìsì tí kò dán, èédú á fà dúdú, jet á fà bí àwọ̀ ilẹ̀, ìgò á fà funfun. Ẹlòmíì a ní kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un. Ẹ má dá a lóhùn.

Ti pé ta ló sọ fún mi pé wọ́n pẹ́, ara ìgò náà ló sọ ọ́. Ní 1615, Ọba James Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de fífi igi dáná ìléru àwọn tó ń ṣe ìgò, torí wọ́n nílò igi fún kíkan ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n bá yíjú sí èédú ilẹ̀. Iná èédú gbóná ju ti igi lọ, ìgò tó ń ti ibẹ̀ jáde nípọn, ó lágbára, èéfín èédú pẹ̀lú irin inú yanrìn sì sọ ọ́ di dúdú. Kenelm Digby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó mú irú ìgò bẹ́ẹ̀ jáde, láàárín àwọn ọdún 1630. Dúdú yẹn ò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Kì í jẹ́ kí oòrùn ba ọtí jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ń mu ún rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, èyí tó jẹ́ àǹfààní fún ẹni tó ń tà á.

Bí ọdún ṣe ń lọ ni ìrísí rẹ̀ ń yí padà. Ní nǹkan bí 1650, ikùn rẹ̀ rí róbótó, ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ. Láti nǹkan bí 1680 sí 1720, ó ti balẹ̀, ó fẹ̀ ní ìdí bí àlùbọ́sà, àlùbọ́sà náà ni àwọn tó ń kó o jọ sì ń pè é. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá ń tọ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè rí i tò ní ìdùbúlẹ̀. Nígbà tó fi di 1821, Henry Ricketts, oníṣẹ́ ìgò kan ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìwé àṣẹ lórí ohun tí wọ́n fi ń mọ ìgò tí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba, ìyẹn ló sì mú kí ti ìṣáájú rọrùn láti dá mọ̀, torí wọn kì í dọ́gba.

Ẹ mú èyí tó ní ọrùn lọ́wọ́. Lábẹ́ ẹnu rẹ̀, òrùka kan wà tó nípọn lápá kan, tó sì fẹ́lẹ́ lápá kejì. Ẹnì kan ló yí ìgò yíyọ́ mọ́ ọn lọ́rùn níbẹ̀ bí ẹni ń fi okùn di ẹnu àpò, kí okùn tó mú ìdérí dúró lè rí nǹkan há mọ́. Ẹ tún fi àtàǹpàkò wá inú èyí tó dà bí ìdí abọ́. Ó yọ wọnú, láàárín gan-an ibẹ̀ ẹ máa kan ibi kan tó ṣe gbágungbàgun. Ọ̀pá irin ni wọ́n fi mú ìgò náà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹnu rẹ̀, àpá ibi tí wọ́n ti já ọ̀pá náà kúrò nìyẹn. Láàárín àwọn ọdún 1860 ni irú àpá bẹ́ẹ̀ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òkun fá a, kò rí i pa rẹ́.

Méjì tó kù, ara ìgò lásán ni wọ́n, wọn ò ní ọrùn, wọn ò ní ìdí. Ẹ wo ìwé tí mo fi sínú ẹrù, mi ò kọ ọdún kankan sí wọn. Wọ́n ṣì ń ṣe ìgò dúdú wọ inú àwọn ọdún 1900, nítorí náà ẹni tó bá gbé irú àfọ́kù bẹ́ẹ̀ dání tó ní "1690 ni", ìtàn ló ń tà fún yín. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí nípa àwọn méjì yẹn ni pé òkun ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní awò tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ ó rí àpá wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C lójú wọn, ibi tí òkúta ti ń lù wọ́n nínú ìgbì. Èyí tí wọ́n bá fi ásíìdì ṣe máa ń rí bákan náà yíká, kò ní àpá.

Tèmi ò lè jọ ti Seaham, mà. Iléeṣẹ́ ìgò kan wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1850 títí di 1921, ìyókù gíláàsì ibẹ̀ ni wọ́n ń dà sókun, pupa, búlúù, aláwọ̀ méjì mẹ́ta pọ̀. Ó rẹwà, mi ò bá a jà. Èmi kàn fẹ́ràn dúdú torí ojú kì í tètè bá a. Bó bá tutù, òun àti òkúta ò yàtọ̀, ẹsẹ̀ èèyàn mélòó ló ti kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìjì, tí omi bá fà sẹ́yìn dáadáa, màá lóṣòó síbi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí, màá dúró kí oòrùn gbẹ wọ́n. Ìgò á wá máa hu funfun díẹ̀ láàárín wọn, bí ẹni pé wọ́n fi àtíkè pa á lára.

Mo ti dá owó ìkarùn-ún padà fún yín láàárọ̀ yìí. Ẹ má wulẹ̀ fi ìdàrọ́ náà ránṣẹ́. Ẹ fún ọmọ yín, kó fi aṣọ nípọn wé e, kó fi nǹkan bo ojú, kó wá fi hámà rẹ̀ ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Mo tún ti fi fọ́tò méjì kún ti ọjà náà, ọ̀kan lójú oòrùn, ọ̀kan lórí tọ́ọ̀ṣì, torí ó yẹ kí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá dán mẹ́rin yòókù wò lálẹ́, tí wọn ò sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá wọn padà, èmi ni màá san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ní ọrùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ o. Ibi tó fẹ́lẹ́ lára òrùka yẹn ni kí ẹ gbé lé iná.