Odò Ló Wá Bá Balùwẹ̀ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síbí, kí n má baà sọ ọ́ sí ìyàwó mi lára.

Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ ń rìn ín kọjá. Lọ́dún tí mo kọ́lé, mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti balùwẹ̀ dé bèbè odò, ẹsẹ̀ mẹ́tàdínlógún gbáko. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí n tún un wọ̀n. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo rí i pé bí mo bá gbé ìkejì, inú odò ni n ó bá ara mi. Ìbẹ́pẹ ìyàwó mi ti lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ti bá a lọ. Abẹ́ sìmẹ́ńtì tí à ń dúró lé wẹ̀ ti ń dá ihò.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó kọ́lé sí òdìkejì, lókè díẹ̀, ló fà á. Ó ní omi ń jẹ ilẹ̀ òun. Ló bá da yẹ̀pẹ̀ típà àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sínú odò, ó gbé ògiri kọnkéré lé e, ògiri náà yọ sójú omi bí ìgbà tí èèyàn na apá. Ibi tí mọ́tò méjì lè gbà tẹ́lẹ̀, ọmọdé lè fò ó báyìí. Omi tí wọ́n há mọ́ báyẹn, ṣé yóò rọra rìn ni? Á sáré, á lọ forí sọ ògiri yẹn, á sì yí sọ́dọ̀ èmi tí mi ò ní ju ilẹ̀ lásán.

Mo lọ bá a. Ó ní, "Bàbá, kí ẹ̀yin náà mọ tiyín." Owó dà? Ká tiẹ̀ ní mo mọ ọ́n, ìyá tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ láfún nísàlẹ̀ ọ̀dọ̀ mi ńkọ́? Ṣé kí omi kó ìkòkò tiẹ̀ náà ni?

Mo ti rí irú èyí rí, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Láti 1908 ni àwọn òyìnbó amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀sà, kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Mole ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́. Àmọ́ ìgbì ibẹ̀ ń gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, òkúta sì dá yanrìn dúró lọ́nà. Etíkun Lighthouse tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn ń sanra, Bar Beach tó ń retí yanrìn yẹn lápá kejì ń rù. Ọdún gorí ọdún ni ìjọba ń da yanrìn síbẹ̀, tí òkun ń kó o lọ. Nígbà tó yá, wọ́n mọ odi fún Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi yanrìn dí òkun kọ́ níbi Bar Beach yẹn, ni àwọn ará Òkun Alfa níwájú bá ń pariwo pé òkun ti ń gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹni tó mọ ògiri ò bá omi pa ebi, ilé ẹlòmíràn ló júwe fún un.

Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi ò gbà o! Aládùúgbò mi ló ti bá mi gbà á.

Mo wá lọ fẹjọ́ sùn níbi tó yẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ọkùnrin méjì dé pẹ̀lú tépù àti agolo ọ̀dà pupa. Inú mi dùn, mo ra mínírà fún wọn. Wọ́n wo ògiri ọ̀gbẹ́ni yẹn, wọ́n ní ó ní ìwé. Wọ́n wá na tépù láti odò dé balùwẹ̀ mi, wọ́n ní mo kọ́lé sún mọ́ omi jù.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, èmi kọ́ ni mo sún mọ́ odò, odò ló sún mọ́ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n mu mínírà tán, wọ́n fa àgbélébùú pupa gbàǹgbà sára balùwẹ̀ mi, wọ́n ní kí n wó o láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Òjò méjì sí i, odò á bá wọn wó o.