Dọ́là 73 ní Wákàtí Kan

(Sátidé kan láàárín oṣù Kejìlá ọdún 2008. Wálé wà ní Detroit ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń to mọ́tò, yìnyín bo gbogbo àdúgbò. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò ibẹ̀ fẹ́ dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ń tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba. Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà ní Òṣogbo. Ó ti fláàṣì lẹ́ẹ̀mẹrin, Wálé ti fi káàdì pè é padà. Ẹ mọ irú ẹ̀gbọ́n yìí. Ẹ ní tiyín nílé.)

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Wálé! Ọmọ bàbá mi! Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ńkọ́?

WÁLÉ: A dúpẹ́, sà. Òtútù ń kí yín.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Dọ́là 73 ńkọ́?

WÁLÉ: Ta nìyẹn, sà?

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ó ń bi mí ta nìyẹn! Rédíò ti tú àṣírí yín. Wọ́n ní ẹ̀yin tí ẹ ń to mọ́tò lọ́hùn-ún, dọ́là 73 lẹ ń gbà. Kì í ṣe lóṣù o. Kì í ṣe lọ́sẹ̀. Wákàtí! Kí èèyàn tó jẹ ẹ̀bà kó tó fọwọ́, 73 ti wọlé.

WÁLÉ: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀...

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu, mo ti ṣírò ẹ̀. Kakulétọ̀ Ṣẹ́gun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. 73 lọ́nà wákàtí 8, dọ́là 584. Ọjọ́ márùn-ún, 2,920. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 11,680. Mo wá fi náírà 120 ka dọ́là kan. Mi ò tiẹ̀ ka iye tí àwọn aláṣẹ́ńjì ń tà á, kí n má baà dà bí ojúkòkòrò. Wálé, mílíọ̀nù kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó, àti 1,600 náírà. Lóṣù kan! Nígbà tí atẹ́gùn ṣí òrùlé ilé wa, èló lo fi ránṣẹ́?

WÁLÉ: Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Páànù mélòó nìyẹn?

WÁLÉ: Ẹ̀gbọ́n, dọ́là 28 ni mò ń gbà ní wákàtí kan. Kí owó orí tó bù ú jẹ nìyẹn o.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: 28. (Kakulétọ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́.) 45 tó kù dà?

WÁLÉ: Kò sí 45 kankan.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: 73, yọ 28 kúrò, 45 ló kù. Kakulétọ̀ kì í parọ́. Àbí Bísí ló ń gbà á?

BÍSÍ (láti kíṣìn): Kí ni wọ́n ní mo gbà?

WÁLÉ: Wọn ò pè ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n kà mọ́ wa. Ilé iṣẹ́ ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn bàbá tó ti ń to mọ́tò kí wọ́n tó bí mi. Ó ń san owó dókítà wọn, owó oògùn wọn, ti àwọn opó wọn náà ńbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n rọ́ jọ, wọ́n wá pín in sórí wákàtí tí àwa díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ń dá wa dúró tó, bẹ́ẹ̀ ni "owó wa" ń pọ̀ sí i. Tó bá ku èmi nìkan lọ́la, rédíò á ní mílíọ̀nù ni mò ń gbà ní wákàtí kan.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Nígbà yẹn, ṣé wàá lè ṣe òrùlé yẹn?

WÁLÉ: Ẹ jẹ́ n fi yé yín. Ká ní ẹ̀yin lẹ ra oògùn ríro fún Ìyá Àgbà, ẹ san owó ọsibítù bàbá tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé, ẹ tún rán aṣọ fún opó ẹ̀, ẹnì kan wá ní gbogbo owó yẹn ni owó oṣù Ṣẹ́gun.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ṣẹ́gun ò ní owó oṣù.

WÁLÉ: Mo mọ̀, sà.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Àwọn arúgbó yẹn gan-an ló kù tí mo fẹ́ bá wí. Kí ni wọ́n ń gbowó fún nígbà tí wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́? Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, kó lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Ó tán.

WÁLÉ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ti fẹ̀yìn tì.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Tèmi yàtọ̀! Ọdún 35 ni mo fi sin ìjọba! Ẹ̀tọ́ mi ni! Oṣù méje rèé tí mi ò fojú kan kọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ká wá fojú hàn, kí àwọn lè mọ̀ pé a ò tíì kú. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti débẹ̀. Akọ̀wé wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ẹ̀rí dà? Mo ní ẹ̀rí kí ni? Ó ní ẹ̀rí pé mo wà láàyè. Mo ní ṣé òkú ló ń bá ọ fa ọ̀rọ̀ ni? Ó ní kí n lọ ṣe fọ́tòkọ́pì.

WÁLÉ: Ẹ kú ìyà, sà. Nǹkan tí àwọn arúgbó tibí náà ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn...

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Má fi mí wé àwọn aláṣejù! Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín yẹn ló kọ́ wọn. Kí ni wọ́n ń pè é?

WÁLÉ: UAW.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Àwọn náà. Rédíò ní lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ ní kí ẹ dín owó yín kù, kí wọ́n lè yá ilé iṣẹ́ lówó. Ẹ ní ẹ ò dín. Làwọn sẹ́nétọ̀ bá gbéra, wọ́n lọ sùn.

WÁLÉ: Wọ́n ní ká gba iye tí àwọn òṣìṣẹ́ Toyota àti Honda ibí ń gbà, kó sì jẹ́ lọ́dún 2009. A ní àdéhùn wa di 2011. Toyota tó wà ní Kentucky, ọdún 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ta ló ti ráyè darúgbó níbẹ̀? Àwọn tiwa ti ń darúgbó láti ayé Ààrẹ Róósìfẹ́ẹ̀tì! Tí ẹ bá sì kó gbogbo owó ọwọ́ wa, ti ẹni tó ń to ó nìkan, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye mọ́tò lọ. Ẹgbẹ́ náà ti fi nǹkan sílẹ̀ o. Wọ́n ti gbà kí wọ́n dá jobs bank dúró.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ẹ tún ní báńkì?!

WÁLÉ: Kì í ṣe báńkì owó. Tí iṣẹ́ bá tán níbi téèyàn wà, wọn ò ní lé e lọ sílé. Á máa wá lójoojúmọ́, á jókòó síbì kan títí iṣẹ́ á fi yọjú. Àwọn kan á ka ìwé ìròyìn, àwọn kan á wo fíìmù.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Wọ́n á sì sanwó fún un?

WÁLÉ: Bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀.

(Ìdákẹ́jẹ́. Káàdì ń jó lọ.)

BÀBÁ ṢẸ́GUN (ohùn ẹ̀ ti rọ̀ bí àkàrà inú omi): Wálé.

WÁLÉ: Sà.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ṣé ó ní fọ́ọ̀mù?

WÁLÉ: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbà láti dá a dúró. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ni.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ìjókòó! Ta ló mọ ìjókòó jù mí lọ? Ìyá Ṣẹ́gun ló wà níbí yìí, bi í.

ÌYÁ ṢẸ́GUN (láti ẹ̀yìn): Kò purọ́. Láti àárọ̀ ni.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣe é?

WÁLÉ: Láti 1984.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ọdún 24! Wálé, ọdún 24 ni mo fi ń jókòó lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òṣogbo, kò sẹ́ni tó pè mí! Ẹ̀yin èèyàn yìí burú. Àwọn ọ̀gá yín nìkan ló lójú àánú. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ní dọ́là kan péré ni àwọn á máa gbà. Lọ́dún! Dọ́là kan! Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ìwọ wá gbá 73 mọ́yà.

WÁLÉ: Àwọn tó fi bàlúù lọ ṣagbe?

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Agbe wo?

WÁLÉ: Lóṣù tó kọjá. Ọ̀gá GM, ọ̀gá Ford, ọ̀gá Chrysler. Ìlú kan náà ni wọ́n ti gbéra, Washington kan náà ni wọ́n ń lọ, bílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n fẹ́ tọrọ. Kálukú wọn gbé bàlúù tiẹ̀. Ìgbà wo lẹ rí i kí alágbe gun ẹṣin lọ tọrọ sààrà? Aṣòfin kan ní kí ẹni tó bá máa ta bàlúù, kó wọ ti èrò padà sílé, kó nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó nawọ́.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Apá lè máa dùn wọ́n.

WÁLÉ: Nígbà tí ayé bú wọn, mọ́tò ni wọ́n wà lọ lóṣù yìí. Ó lé ní 500 máìlì.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ẹ gbà mí! Àgbàlagbà! Wákàtí mélòó?

WÁLÉ: Á tó bíi mẹ́wàá.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Mẹ́wàá lọ́nà 73... (kẹ́, kẹ́.) Ó ti jẹ wọ́n ní 730! Kò sì sẹ́ni tó máa san án!

WÁLÉ: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá Ford yẹn, owó tó gbà lọ́dún tó kọjá lé ní mílíọ̀nù 21 dọ́là. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi í lóṣù tó kọjá bóyá á gba dọ́là kan, ó ní ibi tí òun wà tẹ́ òun lọ́rùn.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Mílíọ̀nù 21. Lọ́nà 120. (Kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́.) Há.

WÁLÉ: Kí ló dé?

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Kò gbà á. Ó kọ E.

WÁLÉ: Owó ti pọ̀ jù fún un nìyẹn, sà.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Rárá o. E. Ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

(Ẹ má dá mi lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Olówó jẹ mílíọ̀nù, ẹ̀tọ́ ni. Ọmọ ìyá ẹ ní owó oògùn, aláṣejù.)

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ó dáa. Tí 73 bá ti sú yín, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ẹ. Ṣẹ́gun ti gba pásípọ́ọ̀tù. Bá a wá àyè níbẹ̀.

WÁLÉ: Ẹ̀gbọ́n, èèyàn ni wọ́n ń lé. Láti ìgbà tí gálọ́ọ̀nù epo ti kọjá dọ́là 4 lóṣù Kẹfà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra jíìpù ńláńlá wa mọ́. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gba Ṣẹ́gun, àdéhùn 2007 ni wọ́n á fi gbà á. Bíi 14.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: 14 kí ni?

WÁLÉ: Dọ́là. Ní wákàtí kan.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ìwọ ní 28 lo gbà.

WÁLÉ: Torí mo ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tuntun, ìdajì ni tiẹ̀. Iṣẹ́ kan náà o. Èmi á máa de nọ́ọ̀tì apá òsì, òun á máa de ti apá ọ̀tún.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ṣẹ́gun? Ṣẹ́gun tèmi? Ọmọ tó ní HND? Kí ìwọ tí wọ́n fi pàṣán lé dé kíláàsì máa gba 28, kí Ṣẹ́gun máa gba 14? Lórí nọ́ọ̀tì kan náà? Ìrẹ́jẹ gbáà! Ẹgbẹ́ yín dà? Ibo ni wọ́n wà? Kí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀! Kí wọ́n ti géètì! Kí wọ́n gbé pósí lọ sílé ọ̀gá!

WÁLÉ: Ẹ ẹ̀ ní ẹgbẹ́ ló ba nǹkan jẹ́ ni?

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Lórí tìẹ ni mo sọ ìyẹn. Lórí ti Ṣẹ́gun, wọn ò tíì le tó.

OBÌNRIN INÚ KÁÀDÌ: Ìṣẹ́jú méjì ló kù fún yín.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ta nìyẹn? Bísí?

WÁLÉ: Káàdì ni, sà.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Kó rọra. Wálé, ohun tí mo tiẹ̀ fi fláàṣì ẹ gan-an, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ìwọ ń to mọ́tò, ẹ̀gbọ́n rẹ ń gun ọ̀kadà. Ṣé ó dáa?

WÁLÉ (inú ẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́): Kò dáa, sà! Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀! Tí gbogbo èèyàn bá ń ra tiwa bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá máa ṣagbe? Tí mo bá rówó jọ díẹ̀, èyí tí mo fọwọ́ ara mi de nọ́ọ̀tì ẹ̀ ni màá wá fún yín. Irú èwo lẹ fẹ́?

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Toyota.

(Ìdákẹ́jẹ́. Yìnyín ń já bọ́ ní Detroit.)

WÁLÉ: Toyota.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Kámírì. Big Daddy.

WÁLÉ: Ẹ̀gbọ́n, àwa kọ́ là ń ṣe Toyota.

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Mo mọ̀. Tiyín ń mu epo bí ọ̀mùtí, èèyàn ò sì ní rí pààtì ẹ̀ rà ní Ládìpọ̀. Toyota ni kó o rà.

WÁLÉ: Ẹ̀gbọ́n, níwájú ilé ẹgbẹ́ wa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: ẹni tó bá páàkì mọ́tò ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n á wọ́ ọ lọ. Báwo ni màá ṣe...

BÀBÁ ṢẸ́GUN: Ẹgbẹ́ yẹn náà! Ṣé mi ò sọ fún ọ? Àwọn ló ń pa ilé iṣẹ́ yín! Àwọ̀ fàdákà ni kó jẹ́ o, kí o sì yẹ AC ẹ̀ wò kí o tó...

(Káàdì tán.)

BÍSÍ (ó yọ láti kíṣìn, ọmọrógùn wà lọ́wọ́): Dádì Tóbi, kí ni wọ́n ní mo gbà lẹ́ẹ̀kan?

WÁLÉ: Dá wọn lóhùn. Wọ́n ní dọ́là 73 ni mò ń gbà ní wákàtí kan. Mo ní 28 ni. Wọ́n ní ìwọ lo ń gba 45 tó kù.

(Bísí gbé ọmọrógùn kalẹ̀. Ó nu ọwọ́. Ó fa àga, ó jókòó.)

BÍSÍ: Dádì Tóbi. 45 yẹn, ibo lẹ ń kó o sí?