Ta ló ń sanwó ìdúró?

Àbúrò mi kan fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìbàdàn lálẹ́ àná. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń gbádùn o. Ẹ ò lọ́gàá, ẹ̀yin lẹ ni ara yín." Ẹ̀rín pa mí, díẹ̀ ló kù kí tíì dà sí mi lára. Fọ́tò tí mo gbé sórí sítátọ́ọ̀sì ló rí, èmi àti dírìlì mi láàárín àga tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Houston, ní Amẹ́ríkà níbí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ńlá kì í fi òṣìṣẹ́ tiwọn to àga, kọ́bọ́ọ̀dù, kẹ̀kẹ́ àti ààrò gáàsì tí wọ́n fi ń sun ẹran níta. Wọ́n á gbé e fún iléeṣẹ́ kan, iléeṣẹ́ yẹn á wá gbé e fún irú wa. Mi ò sí nínú ìwé òṣìṣẹ́ àwọn méjèèjì. Iye tí mo bá tò ni wọ́n ń sanwó rẹ̀: dọ́là 8 lórí kẹ̀kẹ́, dọ́là 12 lórí ààrò, dọ́là 18 lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ooru bá ti ń bọ̀, ààrò àti àga ìta ló máa ń pọ̀. Tó bá ku díẹ̀ kí Kérésì dé, kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni.

Mi ò bú iṣẹ́ náà o. Ọmọ káfíńtà ni mí. Bàbá mi máa ń fi àtàǹpàkò ra ojú pákó kó tó fa ayùn sí i. Èyí tí mò ń bá ṣe níbí kì í ṣe pákó bàbá mi, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni. Bí dírìlì bá fún nọ́ọ̀tì inú ẹ̀ jù, ojú ihò á rún wómúwómú bíi bisikíìtì tó bọ́ sínú tíì. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń fi ọwọ́ fún un níkẹyìn. Ìyẹn náà ń jẹ àkókò, ṣùgbọ́n mo gbà, iṣẹ́ ni.

Ìdúró ni mi ò gbà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:40 ìdájí ni mo dé ṣọ́ọ̀bù kan. Páálí kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́rin wà lókè téńté lórí pẹpẹ irin. Ẹni tó ní àṣẹ láti wa fọ́kìlífìtì, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè sódò, nìkan ló lè sọ̀ wọ́n kalẹ̀, onítọ̀hún ò sì tíì dé. Aago méje lù. Nígbà tí wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ tán, mo ya páálí àkọ́kọ́, àpò nọ́ọ̀tì ò sí nínú ẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n yọ ti páálí kejì lò. Mo ní páálí kejì wá ńkọ́? Ó ní ẹlòmíràn á mójú tó ìyẹn. Ẹlòmíràn ọ̀hún, èmi náà ni, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta, wákàtí márùn-ún, dọ́là 54. Ẹ yọ owó epo máìlì 31 ní àlọ, 31 ní àbọ̀. Ẹ yọ owó Social Security àti Medicare, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìtọ́jú ìlera àwọn àgbà tí ìjọba ń gbà, tí òṣìṣẹ́ olóṣù àti ọ̀gá ẹ̀ máa ń pín san. Èmi nìkan ni mò ń san méjèèjì, 15.3%, kí owó-orí gan-an tó dé. Ibi owó yẹn nìkan ni mo ti jẹ́ ọ̀gá ara mi: mo san ti òṣìṣẹ́, mo san ti ọ̀gá.

Ẹni tí ìdúró bá ti jẹ àárọ̀ ẹ̀, eré ni yóò sá. Mo ti bá kẹ̀kẹ́ ọmọdé pàdé lórí ìlà, ó ti gba káàdì iye owó, fọ́ọ̀kì iwájú ẹ̀, irin tó di táyà iwájú mú, kọjú sẹ́yìn. Ìyá ọmọ tó fẹ́ rà á ò ní fura. Mo tú u palẹ̀, mo tún un tò, lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò bú ẹni tó tò ó, mo mọ irú àárọ̀ tó ti ní láti rí.

Èrò tèmi ni pé kí aago máa sanwó tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti dé. Kì í ṣe àṣejù. Ọ̀pọ̀ àdéhùn awakọ̀ tírélà níbí ló ní owó ìdúró nínú. Àwọn kan á ní bí mi ò bá fẹ́, ẹlòmíràn á ṣe é. Òótọ́ ni. Ẹlòmíràn yẹn náà ló to kẹ̀kẹ́.

Mo ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́. Wọ́n ní kò sáyè fún un lórí áàpù. Mo wá ń fi bírò kọ aago tí mo dé sórí ìwé tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù máa ń buwọ́ lù. Ọ̀gá ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo "5:40" títí, ó buwọ́ lù ú, ó ní, "Ààrò kan ṣì kù lókè, ṣé wàá bá wa tò ó kó o tó lọ?"

Mo gbójú sókè. Onífọ́kìlífìtì ti lọ sinmi.