Ẹni Tó Máa Mú Ọ̀bọ: Ohun Tó Mú Fíìmù Amí Apanilẹ́rìn-ín Dùn

Ẹni tó bá máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Bí a bá pa òwe yìí, ọgbọ́n ọdẹ la sábà máa ń yìn. A kì í ronú kan bí ọdẹ náà ṣe rí lójú ẹni tó bá ká a mọ́ orí igi: àgbàlagbà tó ń họ ìhà, tó ń yínmú, tó fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Ọ̀bọ ò tíì wọ ọwọ́, ìtìjú ti dé. Ibẹ̀ gan-an ni adùn fíìmù amí apanilẹ́rìn-ín ti ń ṣẹ̀ wá. Ọdẹ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ le, ikú wà nídìí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ awọ ọ̀bọ ló gbé wọ̀.

Ẹni tó bá rò pé ìbọn àti mọ́tò tó ń gbiná nìkan ló ń so èèyàn mọ́ àga, kó wo True Lies tí James Cameron gbé jáde ní 1994. Láti ara fíìmù Faransé kan tó jáde ní 1991, La Totale! ti Claude Zidi, ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀. Arnold Schwarzenegger ni amí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ọkọ òun ń tà. Ọkọ ṣe bí ọ̀bọ, ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ayé sú ìyàwó nínú ilé. Ta ni obìnrin náà wá ń fetí sí? Ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù mọ́tò, tó ń parọ́ pé amí lòun. Amí gidi ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́jà, ọlọ́jà ń pe ara rẹ̀ ní amí, ọlọ́jà ló sì rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. Ìbọn kankan ò dún nínú ẹ̀fẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, ìwọ tó fẹ́ kọ irú eré yìí, ìbáà ṣe fíìmù wákàtí méjì tàbí skíìtì ìṣẹ́jú 3, kọ irọ́ náà sílẹ̀ kí o tó kọ ìjà. Kí ni amí ń pe ara rẹ̀? Ta ló gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́? Kí ló máa bàjẹ́ lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú? Bó bá jẹ́ pé "wọ́n á pa á" nìkan ni ìdáhùn ìkẹta, iṣẹ́ ṣì kù. Ikú ń dẹ́rù bani. Ìyá ìyàwó tó ṣàdédé gbé báàgì dé lálẹ́ ọjọ́ tí òkú ọ̀tá wà nínú búùtù mọ́tò, ìyẹn ló ń pani lẹ́rìn-ín.

Awọ ọ̀bọ náà kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tó wọ̀ ọ́ lára mu. Nínú Spy tí Paul Feig darí ní 2015, Susan Cooper, tí Melissa McCarthy ṣe, jẹ́ òṣìṣẹ́ CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, tó ń jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń sọ̀rọ̀ sí amí mìíràn létí. Nígbà tí wọ́n rán òun náà jáde, aṣọ olówó iyebíye ló ń retí. Aṣọ ìyá olólógbò, obìnrin tó ń dá gbé pẹ̀lú ológbò, ni wọ́n kó fún un. Ibi tí wọ́n fi ohun ìjà rẹ̀ pamọ́ sí ńkọ́? Sínú ohun ìnùdí ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí ń dà láàmú. Ẹ sì kíyè sí i pé ohun ìjà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀tẹ́ nìkan ló lẹ̀ mọ́ ọn. Òǹkọ̀wé tí kò mọ èyí á sọ pé kó bàjẹ́, ohun tó bàjẹ́ lásán ò sì ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú. Bó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́ níbi tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Eré tẹlifíṣọ̀n Get Smart, tí Mel Brooks àti Buck Henry dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1965, ní ìbòrí kan tí ọ̀gá àti amí máa ń bọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wọn má bàa jáde. Àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ gan-an ni kì í gbọ́ ara wọn. Ó jọ aago ràgàjì tí Bàbá Sàlá máa ń gbé kọ́ ara: aago ni, ó kàn pọ̀ ju aago lọ ni.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé apá ìṣáájú. Ọ̀tá ò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé eré ẹ̀fẹ̀ lòun wà. Bó bá ń ṣẹ́jú sí òǹwòran, ẹ̀rù ti lọ, ẹ̀rín náà á sì tẹ̀ lé e. Níbẹ̀rẹ̀ Spy, amí kan na ìbọn sí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ibi tí bọ́ǹbù wà. Ó sín, ìbọn dún, ó parí. Èèyàn rẹ́rìn-ín tán kó tó rántí bọ́ǹbù. Sísín kan péré ló pani lẹ́rìn-ín tó tún gbé ìtàn dìde. Ẹ̀fẹ̀ tó bá ṣeé yọ kúrò tí ìtàn ò yingin, yọ ọ́.

Ti ìlépa wá yàtọ̀ díẹ̀, torí ojú kámẹ́rà ló ń pa á tàbí gbà á là. Rowan Atkinson, tó ṣe amí, ń lé ọ̀dọ́kùnrin kan nínú Johnny English Reborn ti 2011. Ọ̀dọ́ ń fo ògiri, ń gun òrùlé. Atkinson ń ṣílẹ̀kùn, ń wọ lífítì. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Fi kámẹ́rà sẹ́yìn kí ògiri àti ilẹ̀kùn jọ hàn pọ̀, kí ara òṣèré hàn láti orí dé ẹsẹ̀, má sì tètè gé e. Bí o bá ń gé e ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ojú, ìkúùkù, bàtà, ariwo nìkan ni òǹwòran máa rí, kò ní rí ohun tó fà á. Lẹ́yìn ẹ̀rín, fi bí ìṣẹ́jú àáyá méjì sílẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ pàtàkì, kí ariwo ẹ̀rín má bàa bò ó. Kí òṣèré má sì rẹ́rìn-ín rárá. Inú ìpolówó báńkì ni irú ọkùnrin tí Atkinson ń ṣe yìí ti kọ́kọ́ jáde, ní àwọn ọdún 1990. Ìwà òmùgọ̀ nìkan tó fún ìpolówó. Fíìmù odindi ń fẹ́ ẹni tó mọ nǹkan kan ṣe, ìdí nìyẹn tí ìlépa yẹn fi dára ju ọ̀pọ̀ ohun tó ṣubú lé lórí lọ.

Ní ti True Lies, ẹṣin ni Schwarzenegger gùn lé alálùpùpù wọ hòtẹ́ẹ̀lì, wọ lífítì, títí dé orí òrùlé. Ọ̀tá fò, ó bọ́ sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ ilé kejì. Ẹṣin sáré dé etí òrùlé, ó wo ìsàlẹ̀, ó dúró gbagidi. Ni amí bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹṣin wí, bí ọ̀gá tó ń bá ọlọ́pàá abẹ́ rẹ̀ wí.