Ẹ yé so táyà tí kò dọ́gba mọ́ ọkọ̀!

Ó ti sú mi o! Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, Hilux mẹ́ta ni wọ́n wọ́ wá bá mi ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò: “Ọ̀gá, gíà ń pariwo.” Ṣé kò ní pariwo ni? Táyà ńlá lẹ́yìn, kékeré níwájú! Tí ẹ bá ti fi gíà sí four-wheel, tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iye kan náà ni ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú àti tẹ̀yìn ń yí. Bẹ́ẹ̀ táyà kékeré gbọ́dọ̀ yí ju ńlá lọ kó tó lè bá a dé ibi kan náà. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ara á tu gíà. Lórí ọ̀dà ńkọ́? Gíà ni gbogbo ìyà ọ̀hún ń jẹ.

Àwọn onítípà ló tún bí mi nínú jù. Táyà méjì tó so pọ̀ lẹ́yìn, ọ̀kan ga ju èkejì! Èyí tó ga ló ń dá ru yẹ̀pẹ̀, á gbóná, á bẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń fẹsẹ̀ rìn.

Wọ́n á ní, “Tòkunbọ̀ tí mo rí nìyẹn.” Nọ́ńbà wà lára táyà, ẹ̀yin èèyàn mi! 265/65R17 ni tiwájú, kí tẹ̀yìn náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Sípíà yín gan-an, èwo ló fẹ́ bá mu nínú méjèèjì?