Ọlọ́run Ò Gbàgbé Nóà Sínú Ọkọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n sọ tinú mi. Àdúrà "Olúwa, ṣí ìwé ìrántí mi" tí a máa ń gbà ní ìṣọ́ òru, mi ò bá a jà. Ìwàásù tó ń ṣáájú rẹ̀ ni kì í wọ̀ mí létí. Wọ́n á ka Ẹ́sítérì 6: oorun dá lójú ọba, wọ́n ka ìwé ìrántí sí i létí, ni Módékáì, tó ti gba ẹ̀mí ọba là rí, bá di ẹni tí wọ́n ń gbé gẹṣin káàkiri ìlú. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run tó ti gbàgbé wa ṣe máa rántí wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Ahaswérúsì ọba yẹn ló gbàgbé olóore rẹ̀ o! Ta ló wá ní ká gbé ìwà ọba Páṣíà wọ Ọlọ́run?

Zakar ni ọ̀rọ̀ Hébérù tí Bíbélì wa pè ní "rántí". Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí Ọlọ́run bá ti zakar. Jẹ́nẹ́sísì 8:1, Ọlọ́run rántí Nóà. Ẹsẹ yẹn ò tíì parí tí afẹ́fẹ́ fi ń fẹ́ sórí ilẹ̀, tí omi ń fà. Jẹ́nẹ́sísì 30:22, Ó rántí Rákélì, Ó ṣí i ní inú. Ẹ́kísódù 2:24, Ó rántí májẹ̀mú tó bá Ábúráhámù, Ísákì àti Jákọ́bù dá. Ẹ ṣí orí tó tẹ̀ lé e, Mósè ti wà níwájú ìgbẹ́ tó ń jó. Ní tèmi, ẹni tó zakar ti dìde sí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì nítorí àdéhùn tó wà láàárín wọn.

Ìdí nìyẹn tí agbọ́tí Fáráò fi máa ń bí mi nínú. Jósẹ́fù bẹ̀ ẹ́ ní Jẹ́nẹ́sísì 40:14 pé kó rántí òun, kó dárúkọ òun fún Fáráò. Nínú Hébérù, gbòǹgbò zakar kan náà ni méjèèjì! Ọdún 2 kọjá, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà tí àlá tí ọba lá ò rí olùtumọ̀ ló tó ní "Èmi rántí ẹ̀ṣẹ̀ mi lónìí." Bíbélì ní ó gbàgbé Jósẹ́fù, àmọ́ mi ò rò pé orúkọ yẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀ ráúráú. Èrè ni ò tíì sí níbẹ̀ fún un.

Ẹ tún wo Sáàmù 25:7. Dáfídì lo zakar lẹ́ẹ̀mejì: má rántí ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe mi, rántí mi gẹ́gẹ́ bí àánú rẹ. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run onígbàgbé ni, ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe yẹn ì bá ti bọ́ sọ́nù fúnra rẹ̀. Kí ni Dáfídì wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?