Xavier kò túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀

Lára káàdì ìsọmọlórúkọ kan tí wọ́n fún mi, mo rí i lábẹ́ orúkọ ọmọ: "Xavier: ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn, èdè Lárúbáwá." Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rí i, ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kì í ṣe òótọ́, ó sì dùn mí, torí ọmọ á gba ìtumọ̀ yẹn gbọ́ títí tí á fi dàgbà.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti Xavier, ilé gan-an ni orúkọ náà. Èdè Basque ló ti wá, èdè àwọn tó ń gbé níbi tí òkè Pyrenees ti pààlà Sípéènì àti Faransé. Etxe ni ilé, berri ni tuntun. Etxe berri: ilé tuntun. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó, ilé ṣáájú, tuntun tẹ̀ lé e, bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó dé ẹnu àwọn aládùúgbò wọn tí èdè tiwọn ti inú Látìnì wá, berri di bier. X ayé ìgbà yẹn, ṣ tiwa ni. Ṣ náà ni àwọn Basque ṣì fi ń pe Xabier dòní. Javier tí àwọn ará Sípéènì ń jẹ́, òun náà ni. Ìró yẹn ló yí padà lẹ́nu wọn.

Orúkọ ilé olódi kan ní Navarre, ní àríwá Sípéènì òde òní, ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Francis Xavier, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, sí ní 1506. Jasso ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, María de Azpilicueta, ló ni ilé náà, orúkọ ilé ìyá ló sì mọ́ ọmọ lára. Ó wàásù dé Íńdíà àti Jàpáànì, ó kú ní 1552 ní erékùṣù kan létí Ṣáínà. Ní 1622, Póòpù kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Nítorí tirẹ̀ ni àwọn òbí káàkiri ayé fi ń sọ ọmọ ní orúkọ ilé.

Lóòótọ́, àwọn Lárúbáwá jọba pẹ́ ní Sípéènì, ọ̀rọ̀ wọn sì pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn abúlé ẹsẹ̀ òkè náà: Xaberri ní Navarre, Javierregay àti Javierrelatre ní Huesca. Ilé tuntun ni gbogbo wọn. Echeverría, orúkọ ìdílé ẹni tó ṣe ààrẹ Mẹ́síkò láti 1970 sí 1976, inú rẹ̀ náà ló ti jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtitẹ káàdì, ẹ kọ ọ́ báyìí: Xavier, ilé tuntun, èdè Basque.